Asà Tí Sàláhúdéènì Gé

Ọdún 1953 ni Sàláhúdéènì kúrò ní Ìlọrin lọ sí Minna. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀. Mọ̀ríámọ̀ ìyàwó rẹ̀ pọn Kàbírátù ọmọ wọn, ó sì gbé ìkòkò dání. Sàláhúdéènì fúnra rẹ̀ fi aṣọ di asà bàbá rẹ̀, ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀ ojú irin, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án títí wọ́n fi kọjá Jẹ́bà.

Asà ni igi eléyín tí ahunṣọ fi ń gbá òwú mọ́ra lórí òfì. Bí asà bá ti fẹ̀ tó ni aṣọ yóò fẹ̀ tó. Aṣọ òfì kì í fẹ̀ púpọ̀. Wọn a hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́, kó gùn bí ọ̀nà oko, wọn a gé e, wọn a wá rán an mọ́ ara wọn kó tó di ìró tàbí agbádá. Ìdí nìyí tí ilé ahunṣọ kọ̀ọ̀kan fi ní ìbú tirẹ̀. Obìnrin tó bá ní aṣọ ilé kan láti ìgbà ìgbéyàwó, tó wá sanra, tó fẹ́ fi kún un, ilé yẹn náà ni yóò padà sí. Bó bá gba ibòmíì lọ, ojú rírán kò ní bára mu.

Asà bàbá wọn jẹ́ méjì, ọwọ́ agbẹ́sà kan náà ló ti jáde. Nígbà tí bàbá kú, Àbdùlbáàkí, ọmọ ìyálé, mú ọ̀kan. Sàláhúdéènì, ọmọ ìyàwó kékeré, mú èkejì. Asà pín sí méjì, ṣùgbọ́n ìjókòó kò pín. Nílé wọn, ẹ̀gbọ́n ní í jókòó síwájú nínú àgọ́ òfì, ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Àbúrò a jókòó sẹ́yìn, ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀gbọ́n ni yóò sì máa wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní í gbé aṣọ lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń kí fún iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò.

Sàláhúdéènì fara dà á títí. Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ gbé aṣọ òun lọ sọ́jà fúnra òun. Àbdùlbáàkí rẹ́rìn-ín.

"Ta ni yóò rà á? Ìwọ ni wọ́n mọ̀ ni, àbí ilé yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ni wọ́n ń rà."

"Ó dáa. Gbé ọwọ́ rẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń rà á."

Ohun tó gbé e dé Minna nìyẹn. Bí ó ti ń jáde, Àbdùlbáàkí kò dìde. Ó kàn sọ̀rọ̀ láti orí òfì pé, "Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èèyàn lọ náà ló ń gbé e bọ̀. Àyè ẹ̀yìn mi yìí, mi ò ní fún ẹlòmíì."

Sàláhúdéènì búra fún ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ pé ikú ni yóò dá òun padà sí àyè yẹn, ebi kò tó bẹ́ẹ̀.

Minna gbà á. Ó kọ́ àgọ́ òfì sábẹ́ igi máńgòrò kan, kò jìnnà sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Àwọn obìnrin Gwárí ń gbé òwú tí wọ́n ran lọ́wọ́ wá fún un láti oko. Àwọn ará Ìlọrin àti àwọn ará rélùwéè ń wá hun aṣọ ìgbéyàwó àti aṣọ ìsọmọlórúkọ. Àwọn Haúsá tó ń kọjá a máa kí i kú iṣẹ́, "Sànnú dà áíkì!" Yóò dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró. Kò lówó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà.

Ní 1957, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣéhù wọ inú àgọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, wọ́n jọ kéwú pọ̀ ní kékeré, ṣùgbọ́n Tàmálè ní ìhà àríwá Gáná ló ti ń ṣòwò. Òwú àti awọ ló wá rà ní Minna. Ó mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lápò, funfun àti aró, ó tẹ́ ẹ lé orí òfì Sàláhúdéènì.

"Ǹjẹ́ o lè hun èyí?"

Sàláhúdéènì yẹ̀ ẹ́ wò. "Ọmọdé ń hun èyí."

"Ọmọdé Gáná ò rí i hun tó. Látìgbà tí wọ́n ti gba òmìnira, tí àwọn èèyàn ńlá wọn wọ bàtàkárí, ẹ̀wù aṣọ híhun tiwọn, jáde lọ́jọ́ náà, gbogbo ayé ló ń wá bàtàkárí. Akọ̀wé ń wọ̀ ọ́, awakọ̀ ń wọ̀ ọ́. Àwọn ahunṣọ wọn ń sùn lórí òfì. Èyí tí o bá hun, màá rà á tán."

"Ó kéré ní ìbú."

"Bí tiwọn ṣe mọ nìyẹn. Bó bá fẹ̀ jù, kò ní bá tiwọn mu, aránṣọ wọn á jù ú sí mi lójú. Sàlá, ṣé ọlá ni mo gbé wá bá ọ tí o ń fi ìka wọ̀n?"

Sàláhúdéènì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ wá ku asà. Asà bàbá rẹ̀ fẹ̀ ju ti Gáná lọ. Agbẹ́sà tó lè gbẹ́ èyí tí eyín rẹ̀ há dáadáa, Ìlọrin ló wà, ilé rẹ̀ sì kọjú sí ilé Àbdùlbáàkí gan-an. Kò sí bí èèyàn yóò ṣe dé ibẹ̀ tí kò ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá kí i, yóò wọlé. Bó bá wọlé, wọn yóò bi í pé kí ló gbé e dé.

Ọjọ́ kejì Mọ̀ríámọ̀ bá a níbi tó ti ń pọ́n ayùn.

"Bàbá Kàbírátù, kí lẹ fẹ́ fi ayùn ṣe?"

"Mo fẹ́ gé asà."

"Asà bàbá yín?"

"Asà tèmi."

"Ẹ lọ bá agbẹ́sà kó gbẹ́ tuntun. Ẹ jẹ́ kí èyí wà bó ṣe wà."

"Kí n lọ sí Ìlọrin kí wọ́n ní ebi ló lé mi wálé?"

"Èmi á bá yín lọ. Màá ní èmi ni mo fẹ́ kí ìyá mi."

"Mọ̀ríámọ̀, ṣé ìwọ náà fẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn ni?"

Mọ̀ríámọ̀ fa ọmọ lọ́wọ́, ó jáde kúrò nínú àgọ́. Sàláhúdéènì gé asà. Eyín igi ń já bọ́ sílẹ̀ bí egungun ẹja. Ó tún etí rẹ̀ dì, ó gbé e kọ́ sórí òfì. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ó ti hun aṣọ Gáná àkọ́kọ́, ó sì dán.

Láti ìgbà náà ni ọlá ti dé. Ṣéhù a kó ìdì aṣọ gba Ìlọrin, gba Nikkí àti Paraku ní Dàhòmì, gba Tógò, títí dé Tàmálè. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wọn ń kó obì gbà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń padà, aṣọ kì í kù sí i lọ́wọ́. Sàláhúdéènì gba alágbàṣe, ó kọ́ yàrá kún ilé. Àwọn alágbàṣe fi ọparun gbẹ́ asà tiwọn, wọ́n wo èyí tó gé; eyín rẹ̀ kò há tó ti agbẹ́sà, ṣùgbọ́n ó tó fún aṣọ Gáná. Nígbà tí obìnrin rélùwéè kan gbé ìró ìgbéyàwó rẹ̀ wá pé kí ó bá òun fi kún un, Sàláhúdéènì ní àwọn kì í hun ìbú yẹn mọ́.

"Níbo ni kí n gbé e lọ?"

"Ìlọrin wà níbẹ̀."

Ní 1959, Àbdùlwàhídù, àkọ́bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọkọ̀ wá sí Minna. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Bàbá ní kí n kí yín. Wọ́n ní ọjà ò yá n'Ílọrin. Wọ́n ní bí ẹ bá lè fi aṣọ tiwa díẹ̀ sínú ẹrù Gáná."

"Aṣọ yín fẹ̀ jù."

"Wọ́n ní àwọn lè hun èyí tó kéré, bí ẹ bá fi asà yín ránṣẹ́ kí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ."

Sàláhúdéènì ń hun lọ. Asà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú rẹ̀, ó sì rò ó pé bí asà náà bá dé Ìlọrin, wọ́n á mọ̀ pé òun ti gé e. Ó ní, "Sọ fún bàbá rẹ pé wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé ilé ni wọ́n ń rà, kì í ṣe ọwọ́. Kí ilé náà bá wọn tà á."

Mọ̀ríámọ̀ gbọ́ láti ìdí ààrò. Ó fún ọmọ náà ní oúnjẹ, ó sìn ín dé ibùdókọ̀. Nígbà tó dé, ó ní, "Ẹnubodè tiyín ti le ju ti ọba lọ."

Ẹnubodè àwọn tó jù wọ́n lọ náà ti ń le nígbà yẹn. Tẹ́lẹ̀, owó kan ṣoṣo ni wọ́n ń ná láti Minna dé Tàmálè, àfi ní ilẹ̀ àwọn Faransé tó wà láàárín. Gáná kọ́kọ́ ní òun ń fẹ́ owó tòun, Nàìjíríà náà ní òun ń fẹ́ tòun. Wọ́n ń bá ara wọn du ta ni yóò jẹ́ olórí aláwọ̀ dúdú. Ní 1961, Gáná ní ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà wọlé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Lọ́dún náà Ṣéhù padà sí Minna láì gbé ju àpò kan lọ.

"Wọ́n gba ìdajì aṣọ," ló wí. "Aṣọ́bodè ní ti Nàìjíríà ni. Mo ní bàtàkárí ni, aṣọ yín. Ó ní, 'Bàtàkárí tiwa, àwa la ó máa hun ún. Ẹ lọ hun tiyín.'"

"O ò sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ ní Nàìjíríà?"

"Mo sọ fún un. Ó ní nígbà náà, òmùgọ̀ ni ẹni tó hun ún."

Àwọn alágbàṣe bú sẹ́rìn-ín. Sàláhúdéènì wò wọ́n, wọ́n kọjú sí òfì wọn.

Aládùúgbò kan wà tó ń jẹ́ Adéagbo, akọ̀wé rélùwéè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó máa ń ka ìwé ìròyìn fún àwọn tó bá jókòó sábẹ́ máńgòrò. Ní 1963 ó kà á fún wọn pé gbogbo olórí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti pàdé, wọ́n ti di ara wọn mọ́ra, wọ́n ní ọ̀kan ni gbogbo àwọn.

"Ṣé wọ́n dárúkọ aṣọ?" ni Sàláhúdéènì bi í.

"Bàbá, wọ́n ní ọjà. Aṣọ kì í ṣe ọjà ni?"

Sàláhúdéènì pe àwọn alágbàṣe tó ti dá dúró padà. Wọ́n hun títí ìdì aṣọ fi kan àjà. Ṣéhù kó díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ, ó bá ẹnubodè Tógò àti Gáná ní títì. Àwọn olórí tó ní ọ̀kan ni gbogbo àwọn kò jẹ́ kí ewúrẹ́ ara wọn kọjá. Ó sùn sẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ títí òjò fi ba ìdì kan jẹ́, ó sì padà.

"Mo sọ fún wọn pé wọ́n ti fọwọ́ sí i," ni Ṣéhù wí. "Aṣọ́bodè bi mí pé ta ló fọwọ́ sí i. Mo ní ọ̀gá rẹ ni. Ó ní ọ̀gá òun ò tíì sọ fún òun."

Lọ́dọọdún ni ìlérí ń jáde, lọ́dọọdún náà ni Sàláhúdéènì ń hun. Bí Adéagbo bá ti ka ìpàdé kan, yóò ra òwú. Mọ̀ríámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í din kóòsé, ìyẹn àkàrà, fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin, owó kóòsé ni wọ́n fi ń jẹun, owó kóòsé ni wọ́n sì fi ń ra òwú.

"Ẹ hun ti ilé," ló ń sọ. "Àwọn obìnrin ibí yìí ṣì ń ṣègbéyàwó."

"Pẹ̀lú asà wo?"

"Ẹ lọ sí Ìlọrin."

"Ọ̀nà Gáná yóò ṣí."

Ní 1967, Adéagbo sáré wá pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Wọ́n tún ti fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn, nílùú Ákrà ní Gáná gan-an, pé àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yóò jọ máa ṣòwò pọ̀. Ó ní, "Bàbá, èyí kì í ṣe ẹnu lásán. Ilé wọn gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí i." Sàláhúdéènì ta ilẹ̀ tó rà sí àdúgbò Tunga nígbà ọlá, ó fi ra òwú. Kò tíì hun òwú náà tán tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí kò sẹ́ni tó tún dárúkọ àdéhùn. Alágbàṣe tó kẹ́yìn lọ wọṣẹ́ ṣọ́jà. Sàláhúdéènì nìkan ló hun òwú yẹn parí.

Ní ìparí ọdún 1969, Gáná fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kó jáde. Ṣéhù dé Minna lẹ́yìn ọdún tuntun, nínú lọ́rí tó kún fún èèyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ilé rẹ̀ ní Tàmálè, ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ èdè Dàgómbà láàárín ara wọn. Ó jókòó sínú àgọ́, ó gbójú sókè wo ìdì aṣọ tó kan àjà.

"Gbogbo èyí?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Sàlá, mo ní kí o hun aṣọ. Mi ò ní kí o fi mọ odi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Sàláhúdéènì mọ̀ wàyí pé ọ̀nà Gáná ti tán. Òwú díẹ̀ ló kù, ìyàwó olùkọ́ kan sì ti ní kí ó hun ìró fún òun bó bá lè hun èyí tó fẹ̀. Ó ku Ìlọrin. Ó ro ọ̀rọ̀ náà jálẹ̀ ààwẹ̀ ọdún yẹn. Lẹ́yìn ìtúnu, ó di asà tó gé sínú aṣọ, ó sì wọkọ̀. Ó ti pinnu pé bí wọ́n bá ní kí òun jókòó sẹ́yìn, òun yóò jókòó. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ láti Minna dé Jẹ́bà, láti Jẹ́bà dé Ìlọrin, kí ó lè mọ́ ọn lẹ́nu.

Ilé agbẹ́sà ló kọ́kọ́ yà. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọmọdébìnrin kan ní bàbá àgbà ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wa takisí.

Ó kọjá sí òdìkejì. Àbdùlbáàkí ti darúgbó. Inú àgọ́ òfì ló jókòó sí, ṣùgbọ́n kò hun nǹkan kan. Àyè iwájú ṣófo. Àyè ẹ̀yìn ló jókòó sí.

Sàláhúdéènì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo dé."

"Mo rí i pé o dé. Dìde. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn?"

"Kòkòrò jẹ asà mi. Ní ọdún tí agbẹ́sà kú ni. Kò rí òmíràn bá mi gbẹ́ kó tó lọ." Ó nu imú. "Àwọn ọmọ ní kí n wọ̀n ọ́n lára aṣọ bàbá. Aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ogún ọdún ti súnkì. Asà nìkan ni kì í súnkì. Mo ní tìrẹ ṣì wà ní Minna. Mo ní bí o bá mú un dé, a ó rí ẹni tí yóò wò ó gbẹ́ òmíràn. Ẹni tí asà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní í jókòó síwájú. Mo ti kúrò níbẹ̀ fún ọ láti ọdún méjì."

"Ẹ ò ránṣẹ́ sí mi."

"Mo ránṣẹ́ sí ọ nígbà kan. O rántí èsì tí o fún ọmọ mi?"

Àbdùlbáàkí na ọwọ́ sí ohun tí àbúrò rẹ̀ dì dání. "Òun kọ́ nìyẹn? Mú un wá."

Kò sí ohun tó tún lè ṣe. Ó gbé e fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò tọ eyín asà láti òpin dé òpin, ó dé ibi tí ayùn gbà, ó dúró. Ó tún tọ̀ ọ́ padà.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí Gáná."

Ká ní Àbdùlbáàkí pariwo ni, ìbá sàn. Ó dì í padà sínú aṣọ bó ti wà, ó fà á lé e lọ́wọ́.

"Oúnjẹ ti dé," ló wí. "Jẹun kí ọkọ̀ má fi ọ́ sílẹ̀."

Sàláhúdéènì jẹun. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó jókòó síwájú, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ó jókòó sẹ́yìn. Ọkọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà ló wọ̀ padà sí Minna.

Kò hun nǹkan kan mọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Bẹ̀llò, ọkùnrin Sókótó kan tó ń kó àgbò gba Minna lọ sí Èkó, wá bá a. Ó ti rí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí Mọ̀ríámọ̀ fi so ẹran ọ̀sìn rẹ̀ mọ́ igi. Okùn ṣì wọ́n lọ́jà láti ìgbà ogun.

"Màláàmù, ṣé o ní púpọ̀ nínú ìgíyà yìí?"

"Kì í ṣe okùn," ni Sàláhúdéènì wí.

"Tó. Kí ni?"

Sàláhúdéènì wo ìdì aṣọ tó kan àjà. Mọ̀ríámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mélòó lo fẹ́?" ni Sàláhúdéènì bi Bẹ̀llò.

Bẹ̀llò fa ọ̀kan gbọọrọ láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó tún fi orúnkún tì í. "Kái! Kò ní já lọ́nà?"

"Kò ní já," ni Sàláhúdéènì wí. "Èmi ni mo hun ún."

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ ní ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, Sàláhúdéènì gba ibùdókọ̀ kọjá lọ kí ìrun. Àwọn àgbò tò sẹ́bàá wágúnù ọkọ̀ ojú irin, funfun àti aró lọ́rùn gbogbo wọn, wọ́n ń fà á, wọ́n ń kígbe. Ó dúró, ó wo ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ahunṣọ ṣe ń wo iṣẹ́. Kò sí èyí tó já nínú rẹ̀.